Bí Ọ̀yà Ṣe Fi Ọtí Ọlọ́sàn Gba Àkùrọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé bí ẹ ṣe ń dáhùn nìyẹn, àbí iṣu tí ẹ jẹ lálẹ́ yìí ló há yín lọ́nà ọ̀fun? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yí gbirigbiri, kò balẹ̀ sórí ọlọ́rọ̀, kò balẹ̀ sórí ìjòyè, àfi gbì lórí Ọ̀yà, abiyamọ tí iná ìgbẹ́ lé kúrò nílé. Ó tún ta pọ́ún, ó bọ́ sórí Òkété, ahun aládùúgbò rẹ̀. Orin wà nínú rẹ̀ o. Bí mo bá ti lé e, kí ẹ máa gbè é pé, "Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó." Mojírọ́lá, rọra gbè é, kí ohùn tìrẹ nìkan má baà gba àlọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní ọdún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an nílùú àwọn ẹranko. Àwọn ọdẹ dáná sun ìgbẹ́, iná náà sì jó eèsún tí Ọ̀yà ń gbé inú rẹ̀ ráúráú. Ọ̀yà gbá àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Abẹ́ gbòǹgbò igi kan lẹ́nu ihò Òkété ló rí forí pamọ́ sí. Bí Àwòdì bá ti ń rà bàbà lókè, Ọ̀yà á fara bo àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyà yẹn dùn ún, kò sì sí ẹni tí kò ní dùn.

Ihò Òkété ńkọ́? Ihò ọ̀hún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní yàrá níwájú, ó ní yàrá lẹ́yìn. Ọ̀yà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ òun máa sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí eèsún yóò fi hù padà.

Òkété fọwọ́ ra irun imú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀yà, ọ̀rẹ́ mi, ó wù mí. Àmọ́ ilé ti kún."

"Kí ló kún un?"

"Ẹ̀kùrọ́ ni."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹ̀kùrọ́ ń sùn nínú ilé, ọmọ ọlọ́mọ ń sùn níta!

Ní àkókò yìí kan náà, odò tí gbogbo ìlú ń mu ti fẹ́ gbẹ, nítorí ẹrẹ̀ ti dí ojú ìsun rẹ̀. Erin, tí í ṣe ọba wọn, pe gbogbo ẹranko sí iṣẹ́ ìlú kí wọ́n wá gbẹ́ ẹrẹ̀ náà kúrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ń pa wọ́n kú lọ. Òkété bá gbé ẹmu kíkan kalẹ̀ fún wọn, ó ní òun ń ṣe ìlú lóore. Wọ́n mu ún. Ha! Ẹfọ̀n sùn sínú ẹrẹ̀, ó ń han-run bí ẹni ń lọ ata. Ìmàdò dojú ìjà kọ kùkùté igi, ó ní ó bú ìyá òun. Iṣẹ́ dúró gbagidi.

Inú bí Erin. Ó gbé ọwọ́jà rẹ̀ sókè, ó fọn ọ́n kíkankíkan, gbogbo igbó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi o! Ní ọjọ́ iṣẹ́ tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ohun mímu wá, tó tutù lọ́nà ọ̀fun, tó ń fún ara lókun, tí kò sì sọ òṣìṣẹ́ mi di wèrè, òun ni n ó fún ní àkùrọ̀ ẹ̀gbẹ́ odò, tòun tọmọ rẹ̀, títí ayé."

Bí Ọ̀yà ti gbọ́ àkùrọ̀, etí rẹ̀ nà ró ṣánṣán. Àkùrọ̀ yẹn! Eèsún ibẹ̀ ga, ó tutù yọ̀yọ̀ lẹ́ẹ̀rùn lójò. Iná kì í jó o. Ojú Àwòdì kì í tó ìdí rẹ̀. Ọ̀yà wo àwọn ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ká jọ sí lábẹ́ gbòǹgbò, ó ní, "Àkùrọ̀ yẹn, tiwa ni. Ẹ sáà máa wò mí."

Ìyá Ọ̀yà ti kọ́ ọ ní pípọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láti kékeré. Ó wá àgbàdo. Ẹ má bi mí ibi tó ti rí i, Ọ̀yà ni, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ó rẹ àgbàdo náà sómi. Nígbà tó rọ̀, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó dà á sí i, ó fi ewé mìíràn bò ó títí ó fi hu irun funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó sá a sóòrùn, ó gbẹ táútáú. Ó lọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ omi, ó sè é, ó sẹ́ ẹ, ó dà á sínú ìkòkò ńlá. Kò dé e pa o. Ewé kan ṣoṣo ló fi bo ẹnu ìkòkò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí eṣinṣin má baà kó sí i.

Àwọn ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Ìyá wa, kí ló dé tí ẹ ò dé e?"

Ó ní, "Ọtí tó ń hó ń mí bí alààyè. Ẹni tó bá dí i nímú, yóò bá ara rẹ̀ nínú ìjà."

Ní ìlú náà, òfin kan wà láti ìwáṣẹ̀: ẹni tí òórùn ọtí bá ti kàn nímú, ó ní ìtọ́wò níbẹ̀. Ẹni tó bá pọntí kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún aládùúgbò. Nígbà tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìì, ṣìì, Ọ̀yà gbé igbá sílẹ̀, ó sì fi orin pe aládùúgbò. Ó yá, ẹ gbè é!

Aládùúgbò, ẹ yà wá o,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*
Imú gbọ́ ọ, ẹnu á tọ́ ọ,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*
Bó bá kù díẹ̀, ẹ sọ fún mi,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*
Àkùrọ̀ ni mo fẹ́ gbà,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*

Ìgalà ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé igbá sẹ́nu, ó mu ún gbuu. Ó ní, "Ọ̀yà, ọwọ́ rẹ kì í tàsé! Ó dára." Ó fẹ́ máa lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà sápá ọ̀tún, ó tún yà sápá òsì, ó jókòó wìì. Ó ní, "Àmọ́ ó ń gun orí o. Bí a bá mu èyí lẹ́nu iṣẹ́, a ó tún bá kùkùté jà."

Ọ̀yà gbọ́. Kò bínú. Ó ń rò ó.

Ibi tó ti ń rò ó ni Ìjímèrè ti bọ́ láti orí igi. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń mu lọ́wọ́, nítorí ẹnu Ìjímèrè kì í dilẹ̀. Kò tu ọsàn náà dànù, ó kàn da ọtí lé e lórí. Ojú rẹ̀ là rekete.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ fi sí i?"

"Mi ò fi nǹkan kan sí i."

"Ó tutù débi ìfun mi! Ẹ fún mi ní òmíràn." Ó tu ọsàn dànù, ó tún mu. Ó mi orí. "Èyí kò rí bíi ti àkọ́kọ́."

Ọ̀yà fò dìde. Ó ní, "Ọsàn ẹnu rẹ ni! Ìjímèrè, bá mi ká ọsàn wẹ́wẹ́ wá." Ìjímèrè lọ ká a, ó tún bá a bu oyin bọ̀ láti inú ihò igi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oyin ta á ní ìdí. Ọ̀yà fún ọsàn náà sínú omi tútù, ó po oyin mọ́ ọn. Omi ọsàn nìkan ń kan ni léyín, ọtí nìkan ń gun orí. Ó bu igbá ọtí kan, ó bu igbá omi ọsàn kan, ó dà wọ́n pọ̀. Ìfófó rẹ̀ ru funfun sókè.

Ìgalà mu, ó dìde, ó rìn tààrà. Ìjímèrè mu, ó ta kìtì. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀yà tọ́ ọ wò, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ó ti ń rí eèsún àkùrọ̀ nínú igbá náà.

Òkété náà yọrí jáde láti inú ihò, ó ní, "Òórùn kàn mí nímú." Òfin ni, Ọ̀yà bù fún un. Ó mu ún tán, ó fi ahọ́n lá ìsàlẹ̀ igbá, ó lá ẹ̀gbẹ́ igbá, ó yínmú. Ó ní, "Ṣé èyí lẹ ń yọ̀ lé lórí? Omi ìfọwọ́ ni."

Ìjímèrè ní, "Omi ìfọwọ́ tí o lá igbá ẹ̀ mọ́ tónítóní?"

Òkété ti padà sínú ihò, àkùrọ̀ ti wọ̀ ọ́ lójú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gbé ibẹ̀ o. Ibi tí yóò tún máa kó ẹ̀kùrọ́ pamọ́ sí ló ń wá.

Ọ̀yà po gbogbo ọtí rẹ̀ mọ́ omi ọsàn sínú ìkòkò ńlá, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n lọ wá igi ìdáná. Ẹ wo Òkété! Ó gbẹ́ ilẹ̀ láti inú ihò rẹ̀, wàrà-wàrà, ó yọ sí ìdí ìkòkò. Ó bu ọtí náà sínú agbè rẹ̀ gbogbo títí ó fi ku gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Ó wá ronú pé, "Bí òórùn bá jáde, wọn á ní kí n mú ìtọ́wò wá. Wọn á sì mọ̀ pé èmi ni." Kí ló ṣe? Ó ki ṣùkù àgbàdo bọ agbè lẹ́nu, ó gbá a wọlé gbà gbà, ó fi ìda oyin lẹ̀ ẹ́ pa, ó fi okùn dì í pinpin. Afẹ́fẹ́ kò lè wọlé, òórùn kò lè jáde. Ó nawọ́ nasẹ̀, ó ní, "Ọgbọ́n parí sí mi lórí."

Nígbà tí Ọ̀yà dé, ó ṣí ewé ẹnu ìkòkò. Òfìfo! Igi ìdáná bọ́ lórí rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún débi tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìgalà àti Ìjímèrè gbọ́, wọ́n sáré wá. Wọ́n rí erùpẹ̀ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, gbogbo wọn sì wo ihò Òkété.

Òkété jáde, ó fẹjú. "Èmi kẹ̀? Ẹ wọlé wá gbọ́ òórùn! Bí òórùn ọtí bá kàn yín nímú níbẹ̀, kí ẹ mú mi lọ bá Kábíyèsí."

Wọ́n ki imú bọ ihò. Wọ́n fa imú títí. Òórùn ẹ̀kùrọ́ nìkan ni. Òfin ìlú sì ni pé òórùn ni ẹ̀rí ọtí. Ojú ti wọ́n, wọ́n jáde.

Ọ̀yà ní, "Ó tán. Àwòdì yóò jẹ àwọn ọmọ mi."

Ìgalà tẹ etí sí ìkòkò. Ó ní, "Sùúrù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ṣì ń hó. Ṣé àgbàdo híhù rẹ ti tán?"

Ọ̀yà nu ojú. "Ó ku díẹ̀."

"Kí la wá ń sunkún sí?"

Wọ́n dìde. Ìgalà fa omi, Ìjímèrè ká ọsàn, ó tún lọ bá àwọn oyin, wọ́n tún ta á níbi tí wọ́n ta á lánàá. Ọ̀yà lọ àgbàdo, ó sè é, ó jẹ́ kí ó tutù, ó dà á lé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lórí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti jẹ́ alààyè tẹ́lẹ̀, kò pẹ́ tí ọtí tuntun fi ń hó ṣìì, ṣìì. Ó po omi ọsàn àti oyin mọ́ ọn. Ọ̀yà lé orin rẹ̀, bí ẹkún tilẹ̀ ṣì wà lóhùn rẹ̀:

Olè gbé ọtí, kò gbé gẹ̀dẹ̀,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*
Aládùúgbò ló gbé mi ró,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*
Imú gbọ́ ọ, ẹnu á tọ́ ọ,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Gbogbo ẹranko pé létí odò, oòrùn mú ganrínganrín. Ọ̀yà gbé ìkòkò rẹ̀ rù, ewé lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Òkété ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ó fi okùn so àwọn agbè rẹ̀ mọ́ra yíká, wọ́n ń gbá ara wọn kó, kó, kó lójú ọ̀nà, oòrùn sì ń yan wọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ohun mímu tí ẹ ń wá rèé. Ọwọ́ mi ni mo fi pọn ọ́n."

Ibi tí Ọ̀yà dúró sí, ó gbọ́ tí àwọn agbè náà ń kùn: hìnnn, hìnnn. Ó rí i tí ìda ẹnu wọn ń wú. Ó mọ ọtí rẹ̀. Ó tún mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Fi í sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ rí màbo." Àmọ́ abiyamọ kì í gbọ́ pé nǹkan fẹ́ ṣe ẹlòmíràn kí ó dákẹ́. Ó ké jáde:

Òkété o, tú u kíá,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*
Ọtí ń mí, má dí i nímú,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*
Bó bá bínú, kò mojú ẹnìkan,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*

Òkété rẹ́rìn-ín. "Kábíyèsí, ẹ ò gbọ́ ìlara bí? Ó fẹ́ kí òórùn rẹ̀ fẹ́ lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Erin ní, "Ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ṣí i, kí o mu."

Òkété gbé agbè kan sẹ́nu, ó fi eyín gé okùn rẹ̀ kẹ́ẹ́.

Gbàù!

Ṣùkù àgbàdo ta jáde, ó wọ ẹnu Òkété, ó há sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá kan. Gbàù! Ti èkejì há sápá kejì. Gbàù, gbàù, gbòlà! Gbogbo agbè fọ́ yángá. Ìfófó bo Òkété, ó bo ìjòyè, ó bo Erin láti orí dé ọwọ́jà. Ẹfọ̀n rò pé ọdẹ ló yìnbọn, ó bẹ́ sódò. Ogúnrìndé, o lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n má gbá mi nípàá!

Erin fi ahọ́n lá ètè rẹ̀. Ó tún un lá. Ó ní, "Họ́wù! Èyí dùn!"

Òkété fò dìde bó ṣe rí yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bòǹtò. "Ẹ ṣeun, Kábíyèsí! Ẹ fún mi ní àkùrọ̀ mi!"

Ẹnu ya gbogbo wọn. Ọ̀yà fa àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ìjímèrè rìn lọ bá Erin, ó fi ìka kan gba ìfófó lórí ọwọ́jà ọba, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Kábíyèsí, ọsàn inú ọtí yìí, èmi ni mo ká a. Oyin inú rẹ̀, ìdí mi ṣì ń ta mí nítorí rẹ̀. Ọtí Ọ̀yà ni."

Ìgalà náà tọ́ ọ wò. "Ọtí Ọ̀yà ni. Mo mu ún kó tó gba ọsàn, mo mu ún nígbà tó gba ọsàn tán."

Erin yíjú sí Òkété. "Ọtí kì í hó kí òórùn rẹ̀ má jáde. Nígbà tí ìwọ pọn tìrẹ, ta ló tọ́ ọ wò?"

Òkété wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kábíyèsí... èmi nìkan."

"Ta ló tọ́ ti Ọ̀yà wò?"

Ìgalà àti Ìjímèrè ní, "Àwa!" Òkété náà, ẹnu kò gbọ́ ti ẹni tó ni ín, ó ní, "Àwa!"

Ha! Ẹ̀rín sọ bí ààrá! Òkété fi ọwọ́ bo ẹnu, ọwọ́ kò ká ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó sá, kò bojú wẹ̀yìn, àfi inú ihò.

Ọ̀yà sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ṣí ewé ẹnu rẹ̀, ó bù ú, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo wọn, ó wá bù fún Erin, ó bù fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹfọ̀n mu, kò sùn. Ìmàdò mu, ó kọjú sí kùkùté, ó kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́," ó kọjá lọ. Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀, wọ́n ń kọrin. Kí oòrùn tó wọ̀, omi tú jáde láti ìsun, ṣùùù, ó mọ́ gaara. Gbogbo ìlú hó yèè!

Erin fi ọwọ́jà gbé Ọ̀yà àtàwọn ọmọ rẹ̀ sókè, ó gbé wọn sọ̀kalẹ̀ láàárín eèsún àkùrọ̀. Àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀, wọ́n poora. Ọ̀yà wo òkè. Àwòdì ń yí, kò rí nǹkan kan gbé. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi dọ̀bálẹ̀ sórí koríko, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí iná ti jó ilé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété ti rí bòǹtò bẹ́ẹ̀, ìtìjú ni kò sì jẹ́ kí ó máa jáde lọ́sàn-án. Nígbàkígbà tí Ọ̀yà bá pọntí, á rìn dé ẹnu ihò, á ní, "Òkété, imú rẹ ti gbọ́ ọ. Wá tọ́ ọ wò." Òkété a máa gbọ́. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Kò lè jáde. Ọ̀yà á gbé igbá sílẹ̀ fún un níbẹ̀, á kọrin lọ ilé rẹ̀. Ó yá, ẹ gbè é kẹ́yìn, Mojírọ́lá, ké e bó ṣe wù ọ́!

Mo rílé gbé, ọmọ mi rílé,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*
Ẹni tó lawọ́ ni ayé ń fún,
*Ṣí i sílẹ̀, ọtí ń hó.*

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀ nìyí. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ìfófó ọtí dí mi nímú. Bí n kò bá purọ́, kí n sín lẹ́ẹ̀kan. Hàtíṣìn! Ẹ ò rí i?

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí a má ṣe jẹ́ ahun, kí a má sì fi ohun olóhun ṣe tiwa. Ohun tí Ọ̀yà ṣí sílẹ̀ fún aládùúgbò ló padà wá jẹ́rìí sí i. Ohun tí Òkété dí pa mọ́ra rẹ̀ ló bẹ́ mọ́ ọn lójú. Ó yá, ẹ dìde, kí ẹni tó bá ní àgbàdo sísun lápò fún ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. Òórùn rẹ̀ ti kàn mí nímú láti ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́.